Ilé Tí Kò Ní Ẹnu

Oṣù Ẹrẹ́nà, yìnyín ṣì nípọn lórí adágún Viljandi.
Tíṣà wa, Helmi Saarepuu, fi irin lu ihò sí i,
ó bu omi sínú ìgò jáàmù,
ó fi kóòtù bò ó mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun,
kó má baà dì kó tó dé kíláàsì.

Ẹ̀kán kan péré lábẹ́ maikirosikóòpù.
"Taavet, kí lo rí?"
Mo rí ohun kan tí kò lórí, tí kò nírù,
bí ẹyin tí wọ́n fọ́ sáwo tí kò gbà láti dúró sójú kan.
Àmíbà ni. Ebi ń pa á.
Ewéko omi kan, roboto, tutù yọ̀yọ̀ níwájú rẹ̀.

Helmi ní afẹ́fẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn, yíyọ́ ló ń yọ́ wọlé;
omi àti iyọ̀ ní ojúlé tiwọn lára awọ.
Ẹrù tó bá ju ilẹ̀kùn lọ ńkọ́?
Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Awọ náà na apá kan, ó na èkejì,
apá tí kò sí níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kọjá.
Ó rọra gbá oúnjẹ náà mọ́ra.
Etí kan etí, ó lẹ̀ pọ̀,
bí ìyá mi ṣe ń fi ìka pa etí pírúkàsì dé mọ́ ẹran.
Àpò kékeré já bọ́ sínú,
awọ ìta ti di ohun abẹ́nú.
Kò lẹ́nu, gbogbo ara ló fi jẹun.
Ògiri ò ya. Omi inú ò jò.

Agogo oúnjẹ lù, èmi ò dìde.
Dùùrù màmá àgbà ni mo ń rò,
àjà kẹta, òpópónà Posti.
Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin mẹ́rin gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó kọ̀.
Wọ́n yí i, wọ́n dá a dúró lóòró, ó kọ̀.
Wọ́n yọ fèrèsé tòun ti férémù, wọ́n ṣá bíríkì,
kireeni gbé e jáde sínú òjò dídì,
ó ń fì, okùn ohùn rẹ̀ kan sì dún lókè níbẹ̀,
láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.
Wọ́n mọ ògiri náà padà. Àpá rẹ̀ ò lọ.
Títí dòní, òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé.

"Ìjáde ńkọ́?" mo bi Helmi.
Ó ní àpò mìíràn á ti inú rìn wá sí etí,
á fara kan ògiri, á là, á da ẹrù sóde,
awọ àpò á sì di ara ògiri.
Ó ká súwẹ́tà sókè díẹ̀, ó ki abẹ́rẹ́ ínsúlínì bọ ikùn.
"Àwọn tó yẹ kó máa da èyí sóde fún mi
ti kú tán kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá."
Ó nu ojú abẹ́rẹ́ náà, ó béèrè bóyá mo ti jẹun.

Nírọ̀lẹ́ a lọ da omi ìgò padà.
A wá ihò náà títí.
Yìnyín ti pa ẹnu rẹ̀ dé.