Eré Tí Ànàmọ́ Ń Sá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ju àsíá sí ọkọ̀ ojú irin ní téṣàn Ọ̀fà.
Mo mọ èyí tí í kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé,
mo mọ èyí tí í mí kanlẹ̀ kó tó dúró,
tí í ṣe sùúrù títí ìyá arúgbó yóò fi gbé agbọ̀n adìẹ rẹ̀ sọ̀.
Ẹnì kan kò sọ fún mi pé irú wọn ń gba inú ẹ̀jẹ̀ mi kọjá.

Nọ́ọ̀sì Múnírátù ló là mí lójú,
lọ́jọ́ tó gún mi níka, tí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ sọ nọ́ńbà
tí ojú rẹ̀ kò fẹ́ wo tèmi.
"Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"
Ànàmọ́ ni. Kí ni ọmọ Ọ̀fà ì bá tún jẹ?
"Sísè ni àbí sísun?"
Ẹ gbọ́ ìbéèrè!
Ebè kan náà, ọ̀bẹ kan náà,
ọwọ́ Ṣàlámátù kan náà ló wà á nílẹ̀.

Ó fa ìlà sẹ́yìn káàdì mi, láti òdo dé ọgọ́rùn-ún.
Gúlúkóòsì jókòó sórí ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ tí kò mọ téṣàn.
Búrẹ́dì funfun ń sá tẹ̀lé e, ahọ́n rẹ̀ yọ síta.
Ẹ̀wà wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò kánjú.
Ẹ̀pà fara ti òdo, ó ń gba atẹ́gùn.
Ànàmọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́:
sísè, ó wà láàárín;
sísun, tí oyin rẹ̀ ń kán sórí ẹyin iná,
ó ti bá búrẹ́dì, ó tilẹ̀ fẹ́ ya á sílẹ̀.

Mo ní, "Ṣé adùn lẹ̀ ń kà ni?"
Ó ní, "Rárá, Bàbá. Eré ni."
Ó wá fi ìka kan káàdì náà:
"Ẹ má rí ẹ̀wà kẹ́ ẹ bù ú kún agbada o.
Ọkọ̀ tó ń rọra, tó fa ọgọ́ta wágùnù,
ẹrù rẹ̀ á ṣì kún téṣàn."

Mo délé, mo ya ìlà náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà èṣí,
mo kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná.
Ṣàlámátù pòṣé:
"Láwàní, o ti fẹ̀yìn tì, o ò tíì kúrò ní téṣàn."
Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìkòkò ló ń gbé kaná.

Nígbà tí Kàmọ́rù ti Ìlọrin dé, búrẹ́dì gbígbóná méjì ló kó wá.
Ta ni yóò lé ọmọ padà? Mo gé ẹyọ kan,
mo so ó mọ́ ẹ̀wà bí a ti í so ẹ́ńjìnnì tó ń yára jù mọ́ wágùnù tó wúwo,
wọ́n jọ wọlé pẹ̀lẹ́.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.
Lálẹ́ àná, ọmọ Ràbíù ń sun ànàmọ́ lẹ́yìn ilé,
ìtasánsán rẹ̀ fo ògiri wá bá mi.
Imú ò mọ nọ́ńbà.
Ọwọ́ mi ń wá àsíá pupa nínú àpò,
èyí tí mo ti dá padà lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì.
Ọmọ náà na ẹyọ kan sí mi, kò ju àtàǹpàkò lọ.
Mo jẹ ẹ́,
díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ ẹrù tó ń gun òkè.