Ibà Ọkọ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi di ìwọ̀n ibà mú ní Adéọ̀yọ́,
mo ń tì í bọ abẹ́ apá ọmọ tuntun,
mo ń gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo ń ka nọ́ńbà.
Mo mọ ẹni tí a ó fi aṣọ tútù nù,
mo mọ ẹni tí a ó sáré pe dókítà fún.
Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí mo ń wà relé,
abẹ́rẹ́ pupa kan ń bẹ níwájú mi,
n kò wò ó rí.

Ọjọ́ Ẹtì kan, mo ń gun òkè Mọ́kọlá,
abẹ́rẹ́ náà ti gun òkè ṣáájú mi.
Èéfín funfun bo bónẹ́ẹ̀tì
bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín.

Ọmọkùnrin kan sáré dé pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà mẹ́rin,
ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìdérí rèdíétọ̀.
“Má ṣí i!”
Bàbá Ràímì ló kígbe láti òdì kejì títì,
òun àti ṣòkòtò rẹ̀ tí epo ti sọ di awọ.
“Ṣé ojú lo fẹ́ fi san owó omi ni?
Ẹni tí inú ń bí, a kì í fipá là á lẹ́nu.”

A jókòó sórí táyà lábẹ́ agboòrùn fọkanáísà,
títí irin fi tutù.
Ó wá fi àkísà bò ó, ó yí i díẹ̀, ó dúró, ó tún yí i.
Ohun tó wà níbẹ̀ dà bí àgbo ọjọ́ mẹ́sàn-án.
“Ìyá, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ omi yìí kẹ́yìn?”

N kò mọ̀. Ọkọ mi ló máa ń ṣe é.
Láti ìgbà tó ti lọ, omi kànga ni mò ń bù sí i.
Mo ní, kí ni kúláǹtì fẹ́ ṣe ní Ìbàdàn?
Ṣé yìnyín ń bọ́ ní Ṣáṣá ni?

Ó rẹ́rìn-ín. “Ti òtútù kọ́, ti ìpẹtà ni.
Omi kànga ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ àjà,
kò sì ní sọ fún yín.
Omi lásán á sì tètè hó.”

Èwo ni kí n rà, aláwọ̀ ewé àbí pupa?
“Aró lásán ni àwọ̀, Ìyá. Ẹ bi ìwé tó bá ọkọ̀ wá.
Ti àtijọ́, bí ọdún méjì; ẹlẹ́mìí gígùn lè tó márùn-ún.
Tó bá ti dọ̀tí báyìí, ẹ má dúró ka ọdún.
Ẹ má da oríṣi méjì pọ̀, ó lè dì bí ẹ̀kọ.
Tó bá jẹ́ ògidì, ẹ fi omi bátìrì là á dọ́gba,
omi o, mi ò pe ásíìdì!
Èyí tí wọ́n ti là wá láti ilé iṣẹ́, ẹ má bu nǹkan kan sí i.
Ó dùn lẹ́nu, ikú ni: ẹ gbé e jìnnà sí ajá àti ọmọdé.”

Mo la pígínhóò. Ìwé náà wà nínú ọ̀rá,
wọ́n ṣẹ́ etí ojú ewé kan.
Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá Ìyíọlá, tínńrín, tó dà sápá ọ̀tún:
*Pupa, ẹlẹ́mìí gígùn. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lónìí.
Ó di ọdún márùn-ún.*
Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn èyí la sin ín.
Ọdún kẹjọ nìyí.

Bàbá Ràímì ò bi mí ní nǹkan kan.
Ó tẹ orí ba sínú ẹ́ńjìnnì,
ó ń wá bóòtù tí kò sọnù.

Ó gbe omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì, kò jẹ́ kó ṣàn sí gọ́tà,
ó fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo yá báírò lọ́wọ́ fọkanáísà,
mo kọ ọjọ́ òní sábẹ́ tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ náà dúró sáàárín, jẹ́ẹ́.
Mo wò ó, mo wò ó,
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ewúrẹ́ olówó ewúrẹ́ ní Òjòó.