Àwo Keje

Sátidé tó bá ti mọ́ tí òjò ò rọ̀,
mo ti wà l'Ádò, lẹ́yìn gáréèjì àtijọ́,
níbi tí Ọlọ́fínlúà ń pàtẹ àlòkù sí lábẹ́ páànù.
Kì í ṣe aṣọ ni mo bá wá, kì í ṣe bàtà.
Àwo ni. Tánganran ayé ọjọ́un,
èyí tó ń dún gbọin bí o bá fi èékánná ta á létí,
tí kì í dún pó bíi rọ́bà.

Ọkọ mi ní, "Ṣé àwo ò sí nílé ni?"
Ó wà. Ó kún kọ́bọ́ọ̀dù.
Ṣé torí ebi nìkan ni ọdẹ ṣe ń wọgbó?

Mo lóṣòó ti páálí. Mo tú ìwé ìròyìn
tó ti pọ́n bí ewé kòkó gbígbẹ.
Ife tíì tí kò létí.
Jọ́ọ̀gì tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi sí lára.
Ṣọ́sà mẹ́ta, opó ife.
Abọ́ onírin tó ti họ, dúdú yọ lára funfun bí eyín tó kẹ̀;
ẹnìkan tiẹ̀ ti po sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀.
Eruku wọ mí nímú, mo sín.
Ọlọ́fínlúà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ̀mí. Ẹ má fọ́ ọjà mi."

Nísàlẹ̀ pátápátá, àwo pẹrẹsẹ kan,
òdòdó búlúù yí etí rẹ̀ ká,
ẹja méjì láàárín, wọ́n ń lé ara wọn.
Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe,
torí ojú àwo lè purọ́,
ìdí rẹ̀ ní í sọ ilé tó ti wá.
Ọ̀dà pupa. Ìlà mẹ́ta tó là bí ẹsẹ̀ adìẹ,
ẹ̀kán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ọwọ́ mi dúró.

Ọ̀ṣúnlétí ìyá ìyá mi, ará Ìjerò, tí kò mọ̀wé,
ìyẹ́ adìẹ ló fi kun àmì yìí sábẹ́ gbogbo àwo rẹ̀
kí wọ́n má baà sọnù lóde òkú.
Méje ni wọ́n lọ. Mẹ́fà ló darí wálé.
"Àwo ulé mi pé méje!" ló ń pariwo ní ìta gbangba,
ó sì na ìka sí ilé kejì.
Ìyá Dọ́káàsì búra, ó fi ẹnu kan ilẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi yan ara wọn lódì,
ògiri kúkúrú kan láàárín wọn,
ewúrẹ́ tibí ń jẹ èèpo iṣu tọ̀hún.
Ikú ló parí ẹ̀. Kò sì parí.

"Níbo lo ti rí èyí?"
Ó ronú. "Ilé Tíṣà kan n'Ìyìn,
àwọn ọmọ rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Tíṣà Fájẹ́mísìn."

Fájẹ́mísìn. Àkọ́bí Ọ̀ṣúnlétí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi.
Òun ló kọ́ mi ní Òfin Mẹ́wàá, pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló pè é. Mi ò ná an,
èmi tí mo lè torí ogójì náírà jà títí dalẹ́.
Ó wò mí bí ẹni pé ara mi ò yá.

Mo fi gèlè wé e, mo gbé e sórí itan dé Ìjerò.
Dọ́káàsì ti darúgbó. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.
Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò nínú mọ́tò ti fò lọ.
Mo kàn na àwo sí i.
Ó wo ẹja. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀.
Àtàǹpàkò rẹ̀ pẹ́ lórí ẹsẹ̀ adìẹ yẹn.
"Ta ni?" ló bi mí.
Mo ní, "Tiwa ni."

Kò bú mi. Kò súre.
Ó dìde, ó fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó gbé e sórí ògiri kúkúrú náà kó lè gbẹ,
ojú rẹ̀ nísàlẹ̀, àmì pupa lókè,
níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti máa rí i.