Irja Ń Kọ́ Ẹhànnà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú ní Kemi.
Òkun dì gbagidi bí ọ̀rá ojú ọbẹ̀ àná.
Irja jókòó síwájú kọ̀ǹpútà Reijo, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀,
ó rọra di máòsì mú
bí ẹni di ọmọ ẹyẹ mú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kì í sọ̀rọ̀ sókè.
Bí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, ìka ló fi ń jẹ́ ẹ.
Nínú gbogbo ohun tí géèmù ní kó mú,
oṣó, tafàtafà, olè ẹlẹ́sẹ̀ ológbò,
ẹhànnà ló mú:
èjìká bí ilẹ̀kùn àká,
irùngbọ̀n pupa, àpá kan láti etí dé àgbọ̀n.
Ó sọ ọ́ ní Tuisku. Ìjì yìnyín ni, lédè wọn.

Reijo fa àga mọ́ ọn.
"Ogún máàkì ni wọ́n fún ọ.
Má ná an bí ẹni tó gbowó oṣù lánàá.
Kí lo ń ṣe yẹn? O fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sórí agbára?
Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ!
Agbára, mẹ́jọ. Ìfaradà, méje,
torí ẹni tó máa lù wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ lù ú.
Ẹsẹ̀ yíyá, mẹ́ta. Ìwé kíkà, ẹyọ kan, kó lè ka orúkọ ara rẹ̀.
Bọ́ ẹ̀wù irin yẹn. Awọ béárì tó o.
Ju asà nù, àáké ọlọ́wọ́ méjì ni kó gbé."

Máàkì kan ṣẹ́kù.
Irja fi sí etí.

"Etí! Kí ni ẹhànnà fẹ́ fi etí ṣe?"
Irja ò fèsì.
Ó mọ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn, èyí tó rọ̀ àti èyí tó le;
ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn ti wọ yàrá.

"Ó dáa. Wo ọ̀pá pupa ìsàlẹ̀ yìí. Ìbínú rẹ̀ nìyẹn.
Bí wọ́n ṣe ń nà án ló ń kún.
Má tẹ̀ ẹ́ fún eku.
Má tẹ̀ ẹ́ fún egungun òkú mẹ́ta ẹnu ọ̀nà.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló fi ń jó,
lẹ́yìn náà apá á rọ, orúnkún á yẹ̀,
ọmọdé á lè fi igi ìdáná pa á."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òmìrán yìnyín pa Tuisku lórí afárá.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Irja tètè tẹ̀ ẹ́.

Ó gbọ́ bàtà náà kí Reijo tó gbọ́ ọ.
Èyí tó rọ̀ ni.
Taisto, bàbá rẹ̀, wá mú un lọ sílé.
Oṣù keje rèé tí ilé iṣẹ́ bébà ti kógbá sílé;
ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ń rọ̀ lára ìdè kan ṣoṣo nínú ilé ìdáná wọn,
kò sẹ́ni tó tún un ṣe, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Ó dúró sẹ́yìn wọn, yìnyín ń yọ́ léjìká rẹ̀.
"Kí ni pupa yẹn?"
Reijo la ẹnu, àmọ́ Irja ló sọ̀rọ̀, ketekete:
"Ìbínú rẹ̀ ni. Bó bá ná an tán, kò ní lè gbé ọwọ́."

Taisto wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"Tí kò bá ná an ńkọ́?"
"Á máa kún náà ni, Isä. Á kàn máa gbé e kiri."

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún.
Òmìrán lu Tuisku, Tuisku yẹ̀.
Òmìrán tún lù ú. Ọ̀pá kún dé etí.
"Tẹ̀ ẹ́!" ni Reijo ń ké.
Irja ò tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ́tí.
Òmìrán mí èémí gígùn kan, bí màlúù tó rẹ̀,
ìgbà náà ló tẹ̀ ẹ́,
àáké méjì péré, afárá dákẹ́.

Bàbá rẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ ìkejì.
Ó fa àpótí ìgò kan sún mọ́ wọn, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ ga dé àyà.
"Kọ́ mi," ló wí.