Awò Inú Ojú

Dókítà Fátóògùn to ike mẹ́ta sórí tábìlì
ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo:
èyí fún òòjọ́, à ń jù ú nù lálẹ́ bí èèpo ẹ̀pà;
ti oṣù kan, tó ń sùn nínú omi tirẹ̀;
ìkẹta le.
"Á ta ọ́ lójú kí ojú rẹ tó mọ̀ ọ́n."

Aláwọ̀ ewé náà wà. Mo rẹ́rìn-ín:
ta ni ìyá mi yóò ṣílẹ̀kùn fún
bí mo bá gbé ojú ológbò délé?

Mo ṣírò owó búbà méje.
Mo mú èyí tó le.
Omi dà. Mo ṣẹ́jú títí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kedere
ni apá aṣọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi:
ojú rírán rẹ̀ wọ́.
Ó ti wọ́ tipẹ́.