Àmì Ìròpọ̀

Nọ́mbà kẹtàdínlọ́gọ́fà nínú ìwé mi,
obìnrin kan láti Ìpẹru, ẹ̀jẹ̀ ríru.
Oṣù mẹ́rìnlá ló fi wá sí kílíníìkì ní Ṣágámù,
kò sì wá mọ́.
Fóònù rẹ̀ dún títí, ó dákẹ́.
Mo mu gààrì, mo tún un pè, ó tún dákẹ́.
Mo fẹ́ fa igi lé e
kí tábìlì mi lè mọ́, kí n lè sùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀nàfowókàn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀:
“Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?”
Kò sẹ́ni, sà.
“Ta ló sọ fún ọ pé ó wà láàyè?”
Kò sẹ́ni.
“Kọ mẹ́rìnlá. Fi àmì ìròpọ̀ tẹ̀ lé e.
Ohun tí ojú wa rí nìyẹn:
oṣù mẹ́rìnlá, ó kéré tán.
Ẹni tó bá pa á rẹ́, irọ́ ló pa.
Ẹni tó bá sọ ọ́ di òkú, irọ́ náà ló pa.”

Àwa mẹ́fà, kọ̀ǹpútà mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn fèrèsé,
à ń fa ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn.
Ẹnìkan kú, ìlà sọ̀ ní ìṣísẹ̀ kan.
Ẹnìkan sọnù, a sàmì bíńtín síbẹ̀,
ìlà ò sọ̀.

Ìyá mi ń ṣa obì ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Mákun,
ó ń kà á ní márùn-ún márùn-ún,
ó ń yọ èyí tí kòkòrò ti dá lu.
“Kí ni wọ́n ń kọ́ yín gan-an níbẹ̀
tí owó rẹ̀ fi wọ́n tó báyìí?”
Ìṣirò àìsàn, mo ní. Bí a ṣe ń ka aláìsàn.
“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,
ẹ̀yin wá ń ka òkú fún olókùú?”

Mo sọ ti obìnrin Ìpẹru fún un.
Mo sọ ti àmì náà.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí obì.

Kíláàsì kejì ni mo wà
nígbà tí bàbá mi bá ọkọ̀ obì lọ sí Kánò.
Àwọn ẹbí ní ká pa màlúù, ká ṣe òkú rẹ̀ tán.
Ìyá mi ò wọ aṣọ opó fún ẹnikẹ́ni.

“Ọdún mọ́kàndínlógún,” ó ní.
“Báwo lẹ ṣe ń kọ àmì yẹn?”
Mo fi èékánná fà á sórí ewé gbòdògì:
ìlà kan dúró, ìlà kan dùbúlẹ̀.
Ó wò ó, ó pẹ́.
Ó wá fi ewé náà di obì,
ó ní mo ti da kíkà rú mọ́ òun lọ́wọ́,
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.