Kòkó Tí Wọ́n Là Wò

Ní ilé ìkẹ́rùsí kòkó, l'Óǹdó, lápá Òdòsídà,
orí àpò ni mo ń jókòó láti aago méje.
Àwa obìnrin mẹ́fà là ń ṣa kòkó:
èyí tó bu, apá òsì;
èyí tí kòkòrò lu ní ihò, apá òsì;
èyí tó pẹlẹbẹ bí ẹni tí kò jẹun kánú, òun náà, apá òsì.
Ọwọ́ mi yá. Ojú mi mú.
Ẹni tó ń bá àbùkù sùn, ṣé kò ní í dá a mọ̀ lójú ọ̀sán?

Bí ayẹkòkówò bá dé láti Àkúrẹ́,
á ti ọwọ́ bọ àpò, á ka ọgọ́rùn-ún wóró,
á fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
á tẹjú mọ́ inú wọn bí ẹni ń ka lẹ́tà onílẹ́tà.
Èémí mi a há.
Ọjọ́ tí wọ́n bá la èmi ńkọ́?

Ọdún tí ibà dá Akínkúnmi dùbúlẹ̀,
ọwọ́ mi ni àpótí owó ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà.
Mo ṣí i lóru. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà.
Ọmọ yè. Mo dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kà á;
wọ́n tiẹ̀ yìn mí pé ìwé owó mi mọ́.
Ìyìn ọ̀hún, ẹ̀gún ẹja ni lọ́fun mi,
ọdún mọ́kànlá, kò lọ, kò bọ̀.

Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lóṣù,
tí wọ́n bá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì,
mo ti rántí pé ẹ̀rọ omi ń jò lẹ́yìn ilé.
Màá jáde. Màá dúró ti ẹ̀rọ omi tí kò jò,
màá máa gbọ́ bí ife ṣe ń kan ife nínú ilé.
Èmi ni mo ń fọ ife wọ̀nyẹn ní gbogbo Sátidé.
Mo mọ ìwúwo wọn. N kò mọ adùn wọn.

Òjò ló fi mí hàn.
Ó rọ̀ lọ́jọ́ kan bí ẹni da korobá, n kò ríbi sá sí.
Bàbá Ògúnmọ́lásùyì tọ̀ mí wá lẹ́nu ọ̀nà,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwo búrẹ́dì ń gbọ̀n tẹ̀lé e.
Mo ní, "Ẹ kọjá, bàbá. N kò yẹ."
Kò bi mí pé kí ni mo ṣe.
Ó ní, "Ọmọ mi, bó bá ṣe pé ẹni tó yẹ nìkan ló ń jẹ ẹ́,
búrẹ́dì yìí ì bá ti bu lórí àwo.
Èmi tí mo gbé e dání, ṣé mo sọ fún ọ pé mo yẹ ni?"

Ó dúró. Orúnkún àgbà ń ro ó, ó dúró.
Ó wá yé mi, bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé:
Ẹni tó ni oko ti là mí wò tipẹ́tipẹ́.
Ó ti rí òru, ó ti rí àpótí,
kò sì dà mí sápá òsì.
Kí n tó dá kọ́bọ̀ kan padà ló ti san owó mi,
ẹ̀jẹ̀ ló fi san án,
kò ná, kò já.

Mo na ọwọ́. Ìdọ̀tí kòkó wà lábẹ́ èékánná mi,
irú èyí tí ọṣẹ kì í ká.
Ó gbé e lé e bẹ́ẹ̀.
"O káre," ó wí, bí ẹni pé iṣẹ́ ńlá ni mo ṣe.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo jẹ́wọ́ owó náà fún àwọn ìyá ìjọ.
Àwọn kan sunkún. Ìyá Ládèpò kò kí mi fóṣù méjì.
Mo ṣì ń jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà,
ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà.
Ṣùgbọ́n ẹ̀gún ẹja ti lọ.

Lánàá, níbi iṣẹ́, mo mú wóró kan tí kòkòrò lu.
Apá òsì ló ń lọ; iṣẹ́ ni iṣẹ́.
Ṣùgbọ́n mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀, mo rẹ́rìn-ín sí i:
ìwọ, ọwọ́ mi ló ṣà ọ́.
Ọwọ́ mìíràn ló ṣà mí,
òun náà ní ihò nínú.